Ọjọ́ Tí Wọ́n Díyelé Àáró

Ìyá Ayédùn bu gàrí àjèjì náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka tú u wò, ó sì dà á sẹ́nu. Àwọn obìnrin tó jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká nínú ilé gàrí dá ọ̀bẹ dúró, wọ́n tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu. Òun ni olórí àwọn tó ń yan gàrí ní Òkè-Ìró, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ náà sì ni gbogbo wọn pé jọ láti bó lọ́jọ́ náà, nítorí náà kò sí ẹni tó máa sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀.

"Ó dára o," ló wí níkẹyìn. "Kí á má purọ́ mọ́ ọn. Ó funfun, ó gbẹ, kò ní ìdọ̀tí kankan. Ṣùgbọ́n kò kan. Gàrí tí kò kan, gàrí wo nìyẹn? Iyanrìn ni wọ́n fọ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà Bánjókòó náà rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ òun ló gbé gàrí ọ̀hún wá nínú àpò dídán. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, Èkó ló ń gbé, orílẹ̀-èdè Àpín tó wà lókè òkun ló sì gbà á síṣẹ́ láti bá wọn rojọ́. Èèyàn dáadáa ni. Ó ti dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo ìyá tó bá nílẹ̀ kí ó tó jókòó, ó sì ti jẹ mọ́ínmọ́ín wọn. Ìyẹn kò ní kó má ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rán an.

Fẹ̀yìntọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lókè, lára Òǹkà tí wọ́n so mọ́ igi àjà. Ẹ̀rọ náà funfun, ó tóbi tó akèrègbè, ojú sì kún gbogbo ara rẹ̀ bíi ti ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ti wà níbẹ̀, tó ń wo gbogbo ohun tó bá wọ ilé gàrí: igi ìdáná, omi, epo tí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ń mu. Nǹkan tó bá rí iye rẹ̀, iná àwọ̀ ewé á tàn. Ó ti wọn rírin, ó ti wọn fífún àti yíyan, iná àwọ̀ ewé kò kú rí. Bíbó nìkan ló kù. Fẹ̀yìntọlá ló fi í sí ìkẹyìn, nítorí lójú tirẹ̀, kí ló wà nínú bíbó?

Òun ni olùwádìí tí Ilé-Iṣẹ́ Òṣùwọ̀n rán wá. Ẹ̀gbà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń tàn búlúù bíi ti Lọ́yà, àmì pé ẹni tó wọ̀ ọ́ wà lẹ́nu iṣẹ́, owó sì ń wọlé fún un bó ti ń mí. Ẹ̀gbà ti àwọn obìnrin wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà, iná wọn ti kú. Wọ́n ní oje ẹ̀gẹ́ ń bà á jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá kó gàrí lọ fún oníbàárà nìkan ni wọ́n ń wọ̀ ọ́.

"Lọ́yà," ni Abọ́sẹ̀dé pè. Nínú gbogbo wọn, òun ló kéré jù, òun lọwọ́ rẹ̀ yá jù, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ. "Èló ni wọ́n ń ta kóńgò gàrí yìí ní ìlú wọn lọ́hùn-ún?"

"Wọn kì í tà á, mà."

"Wọn kì í kí ni?"

"Ní Àpín, kò sí ẹni tó ń rà, kò sí ẹni tó ń tà. Ìjọba ló ń pín gbogbo nǹkan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sọ ibi tí o máa ṣiṣẹ́ fún ọ. Bí o bá fi máa padà dé lálẹ́, oúnjẹ rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Ẹ gbà mí! Láìlọ sọ́jà?" Abọ́sẹ̀dé wo àwọn yòókù. "Tí wọ́n bá wá gbé e wá sọ́dọ̀ wa, ta ló ń dá iye lé e?"

Lọ́yà fọwọ́ nu ẹnu. Fẹ̀yìntọlá ló dá a lóhùn.

"Àwọn náà ni. Iye tó bá sáà ti lè lé yín kúrò nídìí agbada. Ẹ ò gbàgbé Ìdí-Ọ̀mọ̀, àbí?"

Ta ló máa gbàgbé? Nígbà tí gàrí Àpín kọ́kọ́ dé Ìdí-Ọ̀mọ̀, ó pọ̀ bíi kí wọ́n máa fi tọrẹ ni. Àwọn ará ibẹ̀ rà á, wọ́n jẹ ẹ́, inú wọn dùn. Kò pẹ́ tí agbada tiwọn bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà. Nígbà tí oko ẹ̀gẹ́ di igbó tán, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yan ti fọ́n lọ sí Èkó, Àpín gbé iye gàrí sókè, ó tún gbé e sókè, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i.

"Ọkọ̀ wọn kan ti gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ báyìí," ni Fẹ̀yìntọlá ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "A ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. A ò lè béèrè iye lọ́wọ́ ẹni tí kò ní iye, ìdí nìyẹn tá a fi wá sọ́dọ̀ yín. Ohun tó bá ná yín láti yan gàrí, òun ni òṣùwọ̀n. Tí wọ́n bá fẹ́ tà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á fi owó ibodè dí i títí yóò fi bá tiyín dọ́gba. Tí wọn ò bá lè san án, kí wọ́n máa dá gàrí wọn padà."

"Ó yé mi," ni Abọ́sẹ̀dé wí. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó là á lẹ́yìn, ó bọ́ èèpo rẹ̀ kúrò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní Àpín yẹn, ta ló ń sanwó fún wọn?"

"Kò sí ẹni tó ń sanwó fún wọn," ni Lọ́yà wí.

"Háà! Bíi tiwa náà!"

Ó fi í ṣàwàdà ni. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, ọ̀bẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ṣùgbọ́n lókè, iná àwọ̀ ewé kú, iná pupa tàn.

"Mo gbọ́," ni Òǹkà wí. Ohùn rẹ̀ mọ́ bíi ti ẹni tó ń ka ìròyìn. "Mo béèrè: ta ló ń sanwó fún àwọn ọwọ́ wọ̀nyí?"

"Sanwó kẹ̀?" Ìyá Ayédùn gbójú sókè sí i. "Àáró là ń ṣe. Tèmi lòní. Lọ́la, ti Ìyá Kásìmáawò ni, gbogbo wa náà la ó lọ bá a bó o. Lẹ́yìn rẹ̀, ó kan Abọ́sẹ̀dé. Ta ni yóò wá máa sanwó fún ta ni?"

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí ìyá mi," ni Ìyá Kásìmáawò dá a lóhùn láti ibi tó jókòó sí lẹ́bàá ògiri. Òun ló dàgbà jù níbẹ̀. Làkúrègbé ti ká a níka, ẹ̀gẹ́ kan ló ń bó títí àwọn yòókù á fi bó apẹ̀rẹ̀ kan, ṣùgbọ́n kò sí ìròyìn ìlú tí kò sí lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn sì ń dù láti jókòó sí. "Ṣé àwọn tó ṣe ìwọ náà kò ṣe àáró ni kí wọ́n tó ṣe ọ́ tán?"

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Fẹ̀yìntọlá fẹ́ kígbe pé kí wọ́n panu mọ́. Òfin kò gba olùwádìí láyè láti dá ẹlẹ́rìí lẹ́kun, ó sì mọ òfin náà dáadáa. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń sọ ń rì wọ́n sí i, wọn ò sì mọ̀. Ṣe ni iná pupa yẹn ń tàn lórí wọn bí wọ́n ti ń ṣàwàdà lọ.

Lọ́yà Bánjókòó dìde, ó tún agbádá ṣe. Kò yọ̀. Ká má purọ́ mọ́ ọn, ó dà bíi pé ojú ń tì í.

"Ọ̀gá Fẹ̀yìntọlá, ẹ ó dárí jì mí. Ìlà kẹrin nínú òfin tuntun ni mo fẹ́ dúró lé. Ibi tí iṣẹ́ bá ti ń lọ láìní iye, ọjà ibẹ̀ kò ní iye. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Òun ló kọ ọ́ lóòótọ́. Òfin ti tẹ́lẹ̀ ní ihò. Àpín á ní àwọn ní iye, wọ́n á ka iye epo, wọ́n á ka iye àpò, wọ́n á sì fi ọwọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀ pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Fẹ̀yìntọlá ló rí ihò náà, òun ló sì dí i. Wọ́n yìn ín nílé iṣẹ́, wọ́n gbé e ga. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ihò kan náà wà ní Òkè-Ìró.

"Kì í ṣe pé wọn ò lè jẹ́ òṣùwọ̀n mọ́ nìkan," ni Lọ́yà ń bá a lọ. "Òfin ní kí á kọ orúkọ wọn mọ́ àwọn aláìníye. Tí àwọn ìyá wọ̀nyí bá gbé gàrí tiwọn dé ibodè Ìdí-Ìrókò, bí wọ́n ṣe ń ṣe ti Àpín ni wọ́n máa ṣe é. Èmi kò bá wọn jà o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n ṣí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́."

Ìgbà náà ni ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn obìnrin. Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ bo ẹnu.

"Kí ni mo sọ?" ló ń béèrè. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo sọ?"

Fẹ̀yìntọlá kọjú sí Òǹkà.

"Ṣé kò sí àtúnṣe?"

"Àtúnṣe wà. Ẹ tan ẹ̀gbà wọn. Bí gbogbo ọwọ́ bá ní iye kí ìwọ̀n tó parí, ìwọ̀n dúró. Àtàǹpàkò olùwádìí ló lè tàn án. Ohun tí ẹ bá sì díyelé lónìí, iye rẹ̀ kò ní kúrò lára rẹ̀ mọ́."

Fẹ̀yìntọlá mí kanlẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta."

Lẹ́yìn ilé gàrí, níbi tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn sí, òórùn kíkan gba gbogbo afẹ́fẹ́. Fẹ̀yìntọlá mọ òórùn yẹn. Ó wà lára gbogbo aṣọ ìyá bàbá rẹ̀ ní Ìmùṣin, fífọ̀ kò mú un kúrò.

"Mo ti ka igi, mo ti ka omi, kí n tó mú ìlú yín," ló wí. "Bíbó nìkan ni mi ò rò."

"Ṣé ẹ̀yin náà ti bó ẹ̀gẹ́ rí?"

"Mo bó o dàgbà ni, mà."

"Ẹ wá gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé. Mi ò kà á sí iṣẹ́ ni. Ilé ìyá àgbà la máa ń ní à ń lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu á sọ, ẹni tó bá fẹ́ sunkún á sun ún, ká tó mọ̀, ẹ̀gẹ́ ti tán nílẹ̀."

Ìyá Ayédùn rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. "Ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ẹ tan ẹ̀gbà náà."

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Tí mo bá tàn án, iye náà kò ṣeé mú kúrò mọ́. Ẹni tó bá bá yín bó ẹ̀gẹ́, ẹ ó sanwó fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín. Àáró ti parí nìyẹn ní Òkè-Ìró."

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́." Ìyá Ayédùn nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Mo ní ẹ̀gbọ́n ní Ìdí-Ọ̀mọ̀. Mo lọ kí i lọ́dún tó kọjá, mi ò bá a nílé. Ẹ mọ ibi tí mo ti rí i? Orí ìlà ló wà, ó ń tò fún gàrí Àpín. Obìnrin tó yan gàrí títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi le koko! Ó rí mi, ó ṣe bí ẹni pé òun ò mọ̀ mí. Mi ò ní tò, Ọ̀gá. Ẹ tan án."

Wọ́n wọlé padà. Ìyá Ayédùn sọ ọ́ fún àwọn yòókù ní gbólóhùn méjì, kò sì sí ẹni tó jiyàn. Ó dà bíi pé ọkọ̀ tó wà ní Ẹ̀pẹ́ ti wọ ilé gàrí náà, tí gbogbo wọn sì ń wò ó. Wọ́n ká ẹ̀gbà kúrò lórí ìṣó, wọ́n kó o sọ́wọ́. Fẹ̀yìntọlá nawọ́ sókè, ó gbé àtàǹpàkò lé ikùn Òǹkà. Ó pa ojú dé díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Iná búlúù tàn lọ́wọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéè!" ni Abọ́sẹ̀dé kígbe. "Ẹ wò ó, owó ń wọlé!"

Ó kọ́kọ́ dà bí eré. Wọ́n ń na ọwọ́ wo ara wọn, wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnìkan ní òun ò ní sùn mọ́, bíbó ni òun yóò máa bó tọ̀sán-tòru. Ìyá Kásìmáawò ti ń sọ ìtàn ọkùnrin Ìmọ̀rọ̀ kan tó sá pamọ́ sínú àgbá nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé lójijì, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ìyàwó ní òun fẹ́ pọn omi sí àgbá. Òǹkà dún.

"Ọwọ́ mẹ́rin dúró láti gbọ́rọ̀. Ẹni tó gba iye kì í dúró."

Ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ̀rẹ̀ padà. Ìtàn náà dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀bẹ nìkan ló ń dún. Wọn ò pe ara wọn, wọn ò bú ara wọn. Abọ́sẹ̀dé gbé àpótí rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Kásìmáawò, ó lọ bá àwọn tí ọwọ́ wọn yá ní ẹnu ọ̀nà, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti súnmọ́ wọn. Kò fi ìkà ṣe é. Bíi kéèyàn kúrò nínú oòrùn bọ́ síbòji ni, ó kàn ṣe é. Ẹ̀gẹ́ ń lọ sílẹ̀ kíákíá. Iná àwọ̀ ewé ti padà sára Òǹkà, Fẹ̀yìntọlá sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò burú tó bí òun ti rò.

Lọ́yà Bánjókòó tún dìde.

"Ẹ má bínú sí mi," ló wí, kò sì gbójú sókè. "Iye ọwọ́ ìyá wa ẹ̀gbẹ́ ògiri wà nínú ìwọ̀n bíi ti àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ẹ wo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Tí a bá gba èyí, ìlú á kàn kó gbogbo arúgbó rẹ̀ jókòó síbí kí iye gàrí lè gùnkè. Àpín kò ní gbà á, èmi náà kò sì lè gbà á fún wọn."

"Ó tọ́," ni Òǹkà wí. "Ọwọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó iye rẹ̀ kì í bá ìwọ̀n lọ. Kí olùwádìí gbé e kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwọ̀n túká."

Iná pupa tàn.

Gbogbo ojú yí sí Fẹ̀yìntọlá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀: ẹ dìde, mà. Tí kò bá sọ ọ́, wọ́n á ṣí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, gbogbo obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ á máa tò fún gàrí. Tó bá sọ ọ́, ìyá àgbà kan á lọ sílé. Ìṣirò náà kò le rárá. Síbẹ̀, ó wo Ìyá Ayédùn, Ìyá Ayédùn wo ilẹ̀. Ó wo Abọ́sẹ̀dé. Ìyá Kásìmáawò ló kọ́ Abọ́sẹ̀dé ní bíbó láti kékeré, nínú ilé gàrí yìí kan náà. Abọ́sẹ̀dé kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró.

"Èmi ni wọ́n ń wí?" Ìyá Kásìmáawò gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó wo ẹ̀gbà náà bí ẹni tó ń wo egbò. "Kí ẹnu má wúwo fún yín. Mo ti gbọ́."

Ó fi ọwọ́ ti ògiri, ó dìde pẹ̀lú ìrora. Kò sẹ́ni tó bá a dìde, nítorí ẹni tó gba iye kì í dúró. Ó bọ́ ẹ̀gbà náà, ó fi kọ́ ìṣó padà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà.

"Ẹ̀gẹ́ mi ti wà nílẹ̀ o. Wọ́n ti hú u fún mi láná, nítorí èmi ló kàn. Tó bá fi máa tó ọjọ́ díẹ̀ sí i, ó ti dúdú nìyẹn. Ṣé ẹ ṣì ń bọ̀?"

Òǹkà ló dá a lóhùn.

"Kò sí ẹni tó kàn mọ́. Ẹni tó bá ń fẹ́ ọwọ́, kó san iye ọwọ́."

"Kí n fi kí ni san án?"

Ìyá àgbà dúró díẹ̀ bí ẹni tó rò pé èèyàn kan nínú wọn máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ó lọ.

Ẹ̀gẹ́ Ìyá Ayédùn tán kí oòrùn tó wọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ ní Òkè-Ìró, kò tètè tán tó bẹ́ẹ̀ rí. Òǹkà kéde ìwọ̀n, iná àwọ̀ ewé gba gbogbo àjà kan. Iye tó jáde ga ju ti Àpín lọ fíìfíì. Kò sí bí ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ṣe lè san owó ibodè rẹ̀ kó sì rí èrè. Ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin pariwo ayọ̀. Wọ́n dì mọ́ra wọn, wọ́n dì mọ́ Fẹ̀yìntọlá, oje ẹ̀gẹ́ kún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Ayédùn sunkún, ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ayọ̀ náà kì í ṣe òótọ́. Òótọ́ ni. Agbada Òkè-Ìró kò ní dípẹtà.

"Ẹ ṣẹ́gun mi," ni Lọ́yà wí nígbà tó ń di àpò dídán rẹ̀. "Òfin yín dára, Ọ̀gá. Kò sí ihò nínú rẹ̀ mọ́."

Fẹ̀yìntọlá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ti parí fún ọjọ́ náà, ó pa iná ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.

Ilé Ìyá Kásìmáawò wà lójú ọ̀nà. Ìyá àgbà jókòó síwájú ilé, òun nìkan, òkìtì ẹ̀gẹ́ ga dé èjìká rẹ̀. Ó mú ọ̀kan, ó ń yí i, ó ń wá ibi tí ìka rẹ̀ á ti lè gbà á mú. Fẹ̀yìntọlá kọjá. Ó rìn díẹ̀ sí i. Ó bá padà.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ọ̀gá. Wọ́n ní ẹ borí. Mo gbọ́ ariwo wọn. Inú mi dùn."

Fẹ̀yìntọlá wá òkúta kan, ó jókòó lé e. Ọ̀bẹ kan wà nílẹ̀, ó mú un. Ó pẹ́ tó ti bó ẹ̀gẹ́ kẹ́yìn, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ rántí: ó là á lẹ́yìn, ó ki ọ̀bẹ bọ abẹ́ èèpo, ó yí i. Ó bó ọ̀kan, ó bó èkejì. Ìyá àgbà ń wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Bíi ti ará Ìmùṣin lẹ ṣe bó o," ló wí. "Àwọn ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí."

"Ìyá bàbá mi ló kọ́ mi."

"Kí ló ń jẹ́? Bóyá mo mọ̀ ọ́n."

Fẹ̀yìntọlá ń la ẹnu láti dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan fi eré dé. Ìyá Ayédùn ni, ìró ń já bọ́ lára rẹ̀, kò lè mí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀! Iná ti pọ́n padà! Òǹkà rí i lára ẹ̀gbà yín pé ọwọ́ kan ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ láìní iye ní Òkè-Ìró, ó ní òun máa ka dé ẹgbẹ̀ta, kí òun tó tú ìwọ̀n ká."

"Èmi ni kẹ̀. Mo kàn ń bá wọn…"

"Mo mọ̀! Mo sọ fún un! Ó ní ọwọ́ ni ọwọ́ ń jẹ́."

Fẹ̀yìntọlá wo ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ tí kò tàn. Ó fi àtàǹpàkò kàn án, ó sì yíjú sí ìyá àgbà.

"Mà, tí mo bá tàn án, mo lè bá yín bó o tán."

"Èló ni iye ọwọ́ yín?" ni Ìyá Kásìmáawò béèrè.

Fẹ̀yìntọlá sọ ọ́ fún un. Òfin ní ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń san án, kò sì gba ẹlòmíràn láyè láti san án fún un; ìlà karùn-ún nìyẹn, òun náà ló kọ ọ́.

Ìyá àgbà wo òkìtì ẹ̀gẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó na ìka rẹ̀ tó ti ká, ó sì rọra gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bí mo bá yan gbogbo èyí, tí mo tà á tán, kò tó ìdajì rẹ̀," ló wí. "Ẹ máa lọ, ọmọ mi. Kí ọkọ̀ má lọ fi yín sílẹ̀."